Ohun Tí Mo Sọ Nípa Olùkọ́ Mi

Fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ tí mo lò nílùú òyìnbó, kò sí ẹni tó pe orúkọ mi bó ṣe yẹ. Mi ò bínú sí wọn. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé èmi náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn sí èyí tí wọ́n ń pè.

Ní Ìkẹ́rẹ́ tí wọ́n bí mi sí, bí mo bá jáde láàárọ̀, kí n tó dé etí títì, ènìyàn mẹ́wàá á ti kí mi. Wọ́n á bèèrè bàbá mi, wọ́n á bèèrè ibi tí mò ń lọ, òmíràn á ní kí n bá òun ra káádì bọ̀. Ó máa ń sú mi nígbà náà. Nínú ilé alájà mẹ́rin tí mo wá ń gbé yìí, mo pàdé obìnrin kan lórí àtẹ̀gùn ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé, mo sì kí i. Ó fa àpò rẹ̀ mọ́ra, ó yára gòkè lọ. Mo dúró síbẹ̀, mo ń wo ọwọ́ ara mi, bíi pé nǹkan kan wà níbẹ̀ tí èmi fúnra mi ò rí.

Òtútù ni gbogbo ènìyàn kìlọ̀ fún mi nípa rẹ̀ kí n tó kúrò nílé. Kò sí ẹni tó sọ fún mi nípa ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Mo lè ti kíláàsì dé lọ́jọ́ Ẹtì kí n má gbọ́ ohùn ènìyàn kankan mọ́ títí di ọjọ́ Ajé, àfi tèmi nìkan tí mo bá ń kàwé sókè.

Fìlọ́sọ́fì ni mo lọ kọ́, ìmọ̀ nípa bí àwọn àgbà ṣe ń ronú. Bàámi, tí wọ́n fi ọdún márùndínlógójì ṣe tíṣà ní Ìsẹ̀ àti ní Ìkẹ́rẹ́, kò bi mí ju ìbéèrè kan lọ nígbà tí mo sọ fún wọn. Wọ́n ní kí ni wọ́n ń fi í ṣe. Mo ní wọ́n ń fi í ṣe olùkọ́. Wọ́n ní ó dára, iṣẹ́ tí àwọn náà ṣe nìyẹn.

Kí owó oúnjẹ má bàa wọ́n mi, mo gba iṣẹ́ ní ilé ìkàwé yunifásítì. Iṣẹ́ mi ni kí n máa to ìwé padà sórí pẹpẹ láàárọ̀ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wọlé. Ibẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Lín ti bá mi. Obìnrin Ṣáínà ni, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó kúrú, ó sì máa ń rìn bí ẹni tí òjò ń lé. Mo ti ṣí ìwé ìbẹ̀rẹ̀ èdè Ṣáínà kan, mò ń gbìyànjú láti pe ohun tó wà níbẹ̀. Ó dúró lẹ́yìn mi, ó pe ọ̀rọ̀ kan, ó ní kí n tún un pè. Mo tún un pè. Ó pe òmíràn, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ lẹ́yìn náà ó gòkè. Mo tún un pè. Ó bi mí ta ló kọ́ mi.

Mo sọ fún un pé ìyá mi ni. Mo ṣàlàyé pé ní èdè tiwa, bí o bá ṣi ohùn gbé, ọkọ obìnrin lè di ọkọ́ tí wọ́n fi ń ro oko, ó sì lè di ọkọ̀ tí wọ́n ń wọ̀ lọ sí Adó. Ó rẹ́rìn-ín débi pé ẹni tó ń ṣọ́ ilé ìkàwé wá wò wá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ yòókù, tí wọ́n ti ń bá èdè náà jà fún ọdún méjì, kò lè gbé ohùn yẹn. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan kan wà tí mo gbé ti ilé wá tó wúlò níbí.

Ìbéèrè kan ló gbé iṣẹ́ mi ró láti ìgbà náà. Bí òbí bá ṣẹ̀, kí ló yẹ kí ọmọ ṣe? Púpọ̀ nínú àwọn onírònú ilẹ̀ Yúróòpù tí mo kà ló gbà pé òfin kò mọ baba, kò sì mọ ọmọ, kí ẹni tó bá rí ẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ síta. Àwọn àgbà Ṣáínà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Lín kọ́ mi láti kà máa ń wò ó pé inú ilé ni ìwà rere ti ń hù, àti pé ẹni tí kò lè bo àṣírí bàbá rẹ̀ kò ní ṣe olóòótọ́ sí ará ìta. Èmi ọmọ Ìkẹ́rẹ́ wá jókòó sáàárín wọn. Nílé wa, bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, òsì la fi ń fà á mọ́ra. Kò sí ẹni tó sọ ọwọ́ tí ọmọ yóò lò fún òbí.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ ìwé lórí rẹ̀. Mo rò pé mo mọ ọ̀rọ̀ náà.

Ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, ni mo máa ń pe ilé. Màámi á kọ́kọ́ gba fóònù, wọ́n á bi mí ohun tí mo jẹ, n ó sì parọ́. N ó ní mo jẹ ìrẹsì àti adìyẹ, nígbà tó jẹ́ pé búrẹ́dì ni. Àwọn náà á ní kò séwu, pé oko ń lọ dáadáa. Ẹnu àbúrò mi ni mo ti wá gbọ́ pé ó ti tó oṣù mẹ́fà tí wọn kò dé oko wọn lójú ọ̀nà Emùré mọ́, nítorí wọ́n jí ọkùnrin kan gbé nítòsí ibẹ̀, àti pé uṣu ọdún yẹn jẹrà sínú ebè. Nígbà tí mo bi Bàámi, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kí n máa ronú. Báyìí ni a ṣe ń bo ara wa, àwọn lọ́hùn-ún, èmi níhìn-ín, olúkúlùkù ń fi aṣọ bo ibi tó ń dun ẹnì kejì.

Ìgbà tó dára jù ní ọ̀sẹ̀ mi ni ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Lín á ní kí n wá jẹun nílé òun. Ó ń dá gbé. Bàbá àgbàlagbà kan, ará ìlú rẹ̀, máa ń wá pẹ̀lú. Iṣẹ́ àtúnṣe bàtà ni bàbá náà ti ṣe nílùú òyìnbó fún ọgbọ̀n ọdún, ó sì máa ń kọ ewì. Àpò aláwọ̀ ewé kan ló máa ń fi kó wọn wá. Lẹ́yìn oúnjẹ, Ọ̀jọ̀gbọ́n Lín á fi bírò pupa sàmì sí àwọn àṣìṣe rẹ̀, àwọn méjèèjì á wá máa jiyàn lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo títí tíì á fi tutù. Odò abúlé rẹ̀ ni gbogbo ewì náà dá lé lórí, odò àti ìyá rẹ̀ tó ń fọṣọ níbẹ̀. Mo ka bíi mẹ́wàá nínú wọn. Wọn kò fi bẹ́ẹ̀ dùn. Mo fẹ́ràn wọn ṣá.

Ọkùnrin kan wá bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan ní ilé oúnjẹ yunifásítì. Ó wọṣọ dáadáa, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tí o kò lè fi mọ ìlú ẹni tó ń sọ ọ́. Ó ní iṣẹ́ òun ni láti máa wo bí nǹkan ṣe rí fún àwọn ọ̀mọ̀wé tó wá láti òkèèrè. Ó bi mí bí mo ṣe ń rí òtútù sí. Ó pe orúkọ mi, ó sì pè é bó ṣe yẹ. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ ìdí tí mo fi jókòó tì í.

Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ó ra tíì fún mi, ó sì bi mí nípa Ìkẹ́rẹ́. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ní òun gbọ́ pé ìwé ìgbélùú mi ń pẹ́. Òótọ́ ni. Ó ti ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí ti àtijọ́ parí, tuntun kò sì tíì dé. Ṣùgbọ́n mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní kí n má ṣe yọ ara mi lẹ́nu, òun á bá mi wò ó. Ní ọjọ́ kẹrin, ìwé náà wọlé sínú àpótí lẹ́tà mi.

Mo fi ayọ̀ pe ilé. Mo sọ fún Bàámi pé ọkùnrin kan ṣe mí lóore, kò sì gba nǹkankan. Bàámi bi mí kí ni ọkùnrin náà fẹ́. Mo ní kò fẹ́ nǹkankan. Wọ́n dá mi lóhùn:

“Ọmọ mi, ẹni tí kò fẹ́ nǹkankan kì í wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.”

Mo rò pé àgbà ló ń dà wọ́n láàmú.

Ẹ̀ẹ̀kẹrin ni ó bèèrè. Ó bèèrè bí ẹni tí kò fẹ́ mọ̀, ó ń ro ṣúgà sínú tíì rẹ̀. Ó ní àwọn wo ló máa ń wá jẹun nílé Ọ̀jọ̀gbọ́n Lín. Mo mọ̀ nígbà náà. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín pé mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé kò sí ohun búburú nínú oúnjẹ, mo sì ní bàbá kan máa ń wá ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Ó ní ṣé ó máa ń mú nǹkankan dání. Mo ní àpò ìwé.

“Àwọn ìwé wo ló wà nínú àpò náà?”

Ewì odò. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, ó túmọ̀ sí pé mo ti jókòó níbẹ̀, pé mo ti kà wọ́n, pé èmi náà wà lára wọn. Mo ronú ìwé ìgbélùú mi. Mo ronú ẹ̀rín Màámi nígbà tí mo ní ó ti jáde. Mo fẹ́ kí ìjókòó náà parí kíá.

Mo ní, “Mi ò mọ̀.”

Ó mu tíì rẹ̀ tán, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì lọ.

Bàbá náà kò wá ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e. Kò tún wá mọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Lín ní fóònù rẹ̀ kò lọ. Ọ̀sẹ̀ kẹta, mo dé ilé ẹ̀kọ́ láàárọ̀, mo bá ọkùnrin kan àti obìnrin kan tí wọ́n ń gbé kọ̀ǹpútà jáde ní ọ́fíìsì Ọ̀jọ̀gbọ́n Lín. Ó dúró lẹ́bàá ògiri, ó ká ọwọ́ lẹ́yìn. Nígbà tó rí mi, ó mi orí, ó fi ojú ní kí n máa lọ. Mo lọ.

Ilé ẹ̀kọ́ gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀. Wọ́n ní kí ó má kọ́ni mọ́ títí wọn á fi parí ìwádìí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìgbélùú rẹ̀ sì bá iṣẹ́ náà lọ. Kò sí ẹni tó sọ ohun tó ṣe ní tààrà. Àwọn tó ń bá a jẹun tẹ́lẹ̀ ní ilé oúnjẹ yunifásítì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ojú àtẹ̀gùn ẹ̀yìn kí wọ́n má bàa pàdé rẹ̀.

Ó ní kí n wá bá òun di ìwé. Mo di ìwé fún ọ̀sán méjì nínú ilé tí mo ti jẹun fún ọdún mẹ́rin, mi ò sì la ẹnu mi. Lójoojúmọ́ ni mò ń sọ fún ara mi pé n ó sọ ọ́ bí a bá di àpótí yìí tán. A di gbogbo àpótí tán. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó dì mí lápá mú.

“Bí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé o kò wá sílé mi rí. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀.”

Mo rò pé ìbẹ̀rù ló mú un sọ ọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un nílẹ̀ pákó náà gẹ́gẹ́ bí n ó ti ṣe fún ìyá mi. Kò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí tẹ́lẹ̀, èmi ni mo kọ́ ọ. Ó fi ọwọ́ kan mi lórí. N kò tún fojú kàn án mọ́. Lẹ́tà mẹ́ta ni mo kọ sí ibi tó ní òun ń lọ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà wá, kò sí ẹni tó ṣí wọn.

Ẹ ó rò pé wọ́n lé èmi náà. Wọ́n gbà mí síṣẹ́ ni. Wọ́n nílò ẹni tó lè ka ìwé Ṣáínà àti ìwé Yúróòpù pọ̀, èmi ni mo sì wà nílẹ̀. Màámi ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gún uyán fún àwọn olùkọ́ àgbà tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Bàámi. Wọ́n fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo wò ó nínú ọ́fíìsì tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Lín ti jókòó fún ogún ọdún, mi ò sì lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Iṣẹ́ ní ìlú àjèjì ní ọ̀nà kan tó fi ń múni gbàgbé. O ń kọ́ni, o ń kọ̀wé, wọ́n ń pè ọ́ síbí, wọ́n ń pè ọ́ sọ́hùn-ún láti wá sọ̀rọ̀. Mo dúró níwájú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn, mo ń ṣàlàyé ohun tí ọmọ jẹ òbí rẹ̀ ní gbèsè, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́. Bí mo bá ti sọ̀kalẹ̀ lórí pèpéle, n ó kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn gbọ̀ngàn bóyá ọkùnrin tó máa ń ra tíì fún mi jókòó síbẹ̀. Mo ti rí i lẹ́ẹ̀mejì. Ó kàn juwọ́ sí mi.

Ní ọdún tó kọjá, wọ́n ní kí n to àwọn fáìlì àtijọ́ ẹ̀ka wa kí a tó kó lọ sí ilé tuntun. Mo rí ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Lín nínú wọn. Mo ti ilẹ̀kùn, mo sì kà á.

Ẹ̀sùn náà dá lórí àpò ìwé kan tí àjèjì kan ń gbé wọ ilé rẹ̀, tí ẹni tó sún mọ́ ọn kò lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ti fèsì pé ewì ni. Wọ́n ní kí ó mú ẹ̀rí wá, nítorí bàbá náà ti kúrò nílùú, àpò náà sì ti bá a lọ. Wọ́n bi í pé ṣé akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan wà tó rí àwọn ìwé náà, tó lè jẹ́rìí fún un. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ èsì sísàlẹ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ òun kankan kò wọ ilé òun rí.

Èmi nìkan ni ẹlẹ́rìí tó ní láyé. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó sì pa mí mọ́ kúrò nínú ìwé wọn, kí wọ́n má bàa pè mí. Bóyá ó mọ̀ pé ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ ti jáde, mi ò ní mọ̀ láé. Nígbà míì mo máa ń gbàdúrà pé kò mọ̀. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, èyí tó ń dẹ́rù bà mí jù ni pé ó mọ̀ tó sì tún kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi yẹn, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Bàámi. N kò tíì sọ ọ́ fún ẹ̀dá kankan rí. Wọ́n gbọ́ mi dópin. Mo ń gbọ́ adìyẹ lẹ́yìn wọn nínú àgbàlá, mo ń gbọ́ ọ̀kadà tó ń kọjá. Mo rò pé wọ́n á ní àìmọ̀kan ni, pé àjèjì kì í mọ̀nà. Ohùn wọn ti di ohùn tíṣà.

“Nígbà tí ó ń bò ọ́, ta ló bo òun?”

Wọ́n ní kí n má wá èsì fún àwọn, kí n wá a fún ẹni tó ni ín.

Ní ọjọ́ Ajé, mo kọ lẹ́tà sí àwọn aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́. Mo kọ orúkọ mi, mo kọ pé ọdún mẹ́rin ni mo fi jẹun nínú ilé náà, pé ewì ni ó wà nínú àpò, pé mo kà wọ́n, àti pé èmi ni mo ní mi ò mọ̀. Mo kọ ohun tí mo rántí nínú àwọn ewì náà pẹ̀lú. Èsì wọn jẹ́ ìlà méjì: wọ́n ti rí lẹ́tà mi gbà, wọ́n sì dúpẹ́. Láti ìgbà náà, ìwé ìgbélùú mi tó yẹ kí wọ́n tún ṣe lóṣù márùn-ún sẹ́yìn ṣì wà lábẹ́ àgbéyẹ̀wò. Agbẹjọ́rò tí mo bá sọ̀rọ̀ ní kí n má ṣe jáde kúrò nílùú nírú àsìkò yìí, pé bí mo bá jáde, wọ́n lè má jẹ́ kí n wọlé padà.

Oṣù tó kọjá ni àbúrò mi pè. Ó ní Bàámi ṣubú nílé ìwẹ̀, pé apá òsì wọn kò gbé mọ́, pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ kò yéni tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ní wọ́n ṣáà ń sọ “ulé, ulé,” bí a ṣe ń pe ilé ní Èkìtì, àwọn ò sì mọ̀ bóyá wọ́n fẹ́ kí àwọn gbé wọn wọ inú yàrá ni tàbí èmi ni wọ́n ń pè. Èmi mọ̀. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì ní ọ̀sán ọjọ́ náà, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní àná, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tó ń jẹ́ Hánà kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mi. Ó jókòó, ó sì ń fi ọwọ́ pa ìdí àpò rẹ̀. Ó ní ọkùnrin kan ti ra tíì fún òun lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹni jẹ́jẹ́ ni, ó sì mọ gbogbo nǹkan nípa ẹ̀kọ́ òun. Ó ti bèèrè ohun tí mo ń sọ ní kíláàsì. Ó ti bèèrè àwọn tí mo ń bá rìn. Ní báyìí, ó fẹ́ mọ̀ bóyá mò ń múra ìrìn àjò, àti ọjọ́ tí n ó lọ. Ọ̀la ni òun àti ọkùnrin náà á tún pàdé. Ó ní òun kò mọ ohun tí ó yẹ kí òun sọ, ni òun ṣe wá bi mí.

Ó wá bi mí. Ohun kan ṣoṣo tí èmi kò ṣe nìyẹn.

Mo mú bébà, mo kọ ọjọ́ ìrìn àjò mi sí i, mo kọ wákàtí tí ọkọ̀ òfuurufú náà á gbéra, mo kọ Ìkẹ́rẹ́ Èkìtì sísàlẹ̀, mo sì fi lé e lọ́wọ́. Mo ní kí ó fi fún un bó ṣe wà. Ó kà á, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní bí wọ́n bá wá lo èyí lòdì sí mi ńkọ́, bí wọn ò bá jẹ́ kí n padà wọlé.

Mo ní kí ó fi fún un bẹ́ẹ̀, nítorí mi ò fẹ́ kí ó pa irọ́ kankan lórí mi.